Wáìnì pupa Côtes du Rhône: oúnjẹ wo ló bá a mu, báwo ni a sì ṣe ń gbé e kalẹ̀ fún àlejò?

Olùbéèrè, Lyon

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará. Ìlú Lyon ni mo ń gbé, àwọn òbí ọkọ mi, tí wọ́n jẹ́ ará Orange ní ìsàlẹ̀ odò Rhône, yóò sì wá jẹun lọ́dọ̀ wa ní ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù tó ń bọ̀. Ọkọ mi ti ra wáìnì pupa agbègbè wọn sílẹ̀: Côtes du Rhône ni díẹ̀ nínú wọn, Gigondas sì ni àwọn yòókù. Ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn ìgò méjèèjì ni pé àjàrà Grenache, Syrah àti Mourvèdre ni wọ́n pò pọ̀. Mo fẹ́ mọ ìdí tí wọ́n fi ń po oríṣi àjàrà mẹ́ta pọ̀, àti bóyá irú wáìnì bẹ́ẹ̀ rẹlẹ̀ sí èyí tí a fi oríṣi kan ṣoṣo ṣe. Mo sì fẹ́ mọ oúnjẹ tí mo lè sè tí yóò bá a mu, tí kò sì ní jẹ́ ohun tí ìyá ọkọ mi ti ń sè láti ọ̀dọ́ rẹ̀, nítorí mi ò fẹ́ bá a du ìkòkò rẹ̀. Bí àyè bá wà fún ọbẹ̀ tiwa kan lórí tábìlì náà, inú mi yóò dùn. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń ti Ìbàdàn bọ̀ yóò wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Mùsùlùmí ni, kì í mu ọtí rárá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Òṣìṣẹ́ ọgbà àjàrà, Vaucluse

Àbúrò mi, ẹ kú ìmúra àlejò. Iṣẹ́ ọgbà àjàrà ni mo ń ṣe ní agbègbè tí àwọn àna yín ti wá gan-an, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n mú ìbéèrè àkọ́kọ́, kí n sì ti ibi igi àjàrà fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Grenache ni olórí nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ilẹ̀ Sípéènì ló ti wá. Igi rẹ̀ le, ó ń fara da ọ̀dá, ó sì ń fara da afẹ́fẹ́ mistral, èyí tó ń fẹ́ láti àríwá gba àfonífojì Rhône wá sí ọ̀dọ̀ wa pẹ̀lú agbára tó lè ya ẹ̀ka igi. Nítorí afẹ́fẹ́ yìí ni wọ́n ṣe máa ń gé igi Grenache kúrú, tí ẹ̀ka rẹ̀ á yọ yí orí rẹ̀ ká láìsí okùn tàbí òpó tó gbé e dúró. Afẹ́fẹ́ kan náà yìí ló ń gbẹ omi òjò kúrò lára èso, tí ìjẹrà kì í fi í tètè wọ̀ ọ́. Ṣúgà inú èso Grenache pọ̀, ọtí rẹ̀ sì máa ń le. Ìgò tó bá kọ ìdá 14 tàbí 14.5 nínú ọgọ́rùn-ún kì í ṣe tuntun níbí. Ó ń fúnni ní adùn èso pupa tó kún ẹnu. Ṣùgbọ́n èèpo rẹ̀ fẹ́lẹ́, àwọ̀ rẹ̀ kì í dúdú, bí afẹ́fẹ́ bá sì kàn án pẹ́, òórùn rẹ̀ á bà jẹ́, àwọ̀ rẹ̀ á sì tètè pọ́n bí igi gbígbẹ.

Ibẹ̀ ni Syrah ti wúlò. Èso rẹ̀ kéré, èèpo rẹ̀ nípọn, ó sì dúdú. Òun ló ń fún wáìnì náà ní àwọ̀ àti òórùn ata. Mourvèdre ní tirẹ̀ jẹ́ igi tó fẹ́ oòrùn lórí àti omi ní gbòǹgbò. Òun ló máa ń pọ́n kẹ́yìn. Táníìnì inú rẹ̀, ìyẹn ohun tó máa ń mú kí ẹnu gbẹ lẹ́yìn tí a bá jẹ obì tán, pọ̀ púpọ̀, kì í sì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ tètè ba wáìnì jẹ́. Ohun tí Grenache kò ní ni àwọn méjì yòókù ní. Bí ẹ bá sì mu Mourvèdre nìkan nígbà tó ṣì kéré lọ́jọ́ orí, yóò le jù fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Grenache ló ń rọ̀ ọ́.

Ní oko, Syrah ni a sábà máa ń kọ́kọ́ ká, Grenache á tẹ̀ lé e, Mourvèdre á sì máa dúró de àwa àti oòrùn títí di ìparí. Nítorí pé wọn kì í pọ́n pọ̀, ilé ọtí púpọ̀ máa ń sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan di ọtí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ìgbà òtútù bá dé, ẹni tó ni ọgbà á to àwọn ife sórí tábìlì pẹ̀lú ife tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n fàlà ìwọ̀n sí lára. Á da ìwọ̀n 60 Grenache, 30 Syrah àti 10 Mourvèdre sínú rẹ̀, á gbọ̀n ọ́n díẹ̀, á tọ́ ọ wò, á tu ú dànù, á kọ nǹkan sínú ìwé. Lẹ́yìn náà á dín Syrah kù sí 25, á fi márùn-ún kún Mourvèdre, á sì tún tọ́ ọ wò. Márùn-ún péré yẹn máa ń yí bí wáìnì ṣe ń parí lẹ́nu padà pátápátá, mo sì gbà pé ibẹ̀ ni ọgbọ́n iṣẹ́ yìí wà jù lọ. Ìwọ̀n tó dára lọ́dún tí òjò rọ̀ kì í ṣe èyí tó dára lọ́dún ọ̀dá, nítorí náà ọdọọdún ni wọ́n ń tún un ṣe. Ṣé irú ohun tí a fi ìfarabalẹ̀ ṣe báyìí lè rẹlẹ̀ sí oníṣoṣo? Châteauneuf-du-Pape tí gbogbo ayé ń pọ́n lé, oríṣi àjàrà 13 ni òfin gbà láàyè nínú rẹ̀.

Olùkọ́ ìtàn, Avignon

Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ kún ohun tí ẹ̀gbọ́n sọ, nítorí orúkọ ara ìgò yóò ran olùbéèrè lọ́wọ́ láti mọ èyí tí yóò kọ́kọ́ gbé jáde.

Ní ọdún 1737, àṣẹ ọba Faransé kan jáde pé kí wọ́n máa fi iná tẹ lẹ́tà C.D.R. sára àwọn àgbá ọtí tó bá ń gba èbúté Roquemaure, létí odò Rhône, lọ sí ọjà, kí àwọn oníjìbìtì má baà fi wáìnì ibòmíràn pe tibẹ̀. Òfin òde òní tó dá orúkọ Côtes du Rhône mọ̀ jáde ní 1937, ọdún kan lẹ́yìn tí Châteauneuf-du-Pape ti gba tirẹ̀. Côtes du Rhône ni ìpele àkọ́kọ́, ìlú àti abúlé tó lé ní 170 ló sì lè lo orúkọ náà. Côtes du Rhône Villages, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1966, ni ó tẹ̀ lé e. Òfin tirẹ̀ le díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lókè wọn ni àwọn abúlé tó ń fi orúkọ ara wọn nìkan ta ọtí: Gigondas gba ẹ̀tọ́ yìí ní 1971, Vacqueyras ní 1990, Rasteau gbà á fún wáìnì pupa rẹ̀ ní 2010, Cairanne sì gbà á ní 2016. Gigondas tí ẹ ní, nígbà náà, ga ju ìgò yín kejì lọ. Ẹ má ṣe kọ́kọ́ ṣí i. Wáìnì tó fúyẹ́ ni a ń fi bẹ̀rẹ̀, kí èyí tó lágbára má baà pa á mọ́ ọn lẹ́nu.

Alásè, Marseille

Ìyàwó wa, ẹ kú ìnáwó. Iṣẹ́ oúnjẹ ni iṣẹ́ mi ní etíkun yìí, ohun tí mo sì máa ń kọ́kọ́ sọ fún ẹni tó bá béèrè nípa wáìnì yìí ni pé kó wo ohun tí àwọn tó ń ṣe é ń jẹ. Ẹran àgùntàn tí a fi ààyù àti rosemary yan, ẹran màlúù tí a fi iná jẹ́jẹ́ sè sínú ọtí títí tó fi rọ̀, èso ólífì dúdú tí a gún, ìgbá tí a dín pẹ̀lú tòmátì, tàtàṣé àti àlùbọ́sà títí gbogbo rẹ̀ fi wọnú ara wọn, èyí tí wọ́n ń pè ní ratatouille, àti wàrà ewúrẹ́ dídì (ṣíìsì) kéékèèké tí wọ́n ń pè ní Picodon: oúnjẹ tó ní ọ̀rá díẹ̀, tí a sè pẹ́, tí ewé olóòórùn dídùn sì wà nínú rẹ̀. Àmúlò ọ̀rá àti ẹran ni pé wọ́n máa ń di táníìnì mú kó tó rí itọ́ ẹnu dì, èyí ló ń mú kí wáìnì tó le lẹ́nu ní òun nìkan di rírọ̀ bí ẹ bá ti bu ẹran sí i.

Ọbẹ̀ tí àwọn ará Provence fi ń yangàn ni daube. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ ọ́n, èjìká tàbí ẹ̀rẹ̀kẹ́ màlúù bíi kílò kan àbọ̀ ni wọ́n ń gé ní gígé ńláńlá, wọ́n á rì í sínú ìgò wáìnì pupa kan mọ́jú pẹ̀lú àlùbọ́sà, kárọ́ọ̀tì, ààyù, táìmù, ewé laurel àti èèpo ọsàn gbígbẹ. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n á nu ẹran náà gbẹ, wọ́n á fi òróró ólífì dín in kí ojú rẹ̀ pọ́n, wọ́n á da omi ọtí náà padà lé e, wọ́n á dé e, wọ́n á sì fi í sórí iná tó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú ọbẹ̀ kàn ń mì díẹ̀díẹ̀, fún wákàtí mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ó máa ń dùn jù lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e. Côtes du Rhône tí kò wọ́n ni kí a fi sè é. Ẹ má ṣe da Gigondas sínú ìkòkò, nítorí iná yóò jó òórùn tí ẹ fi owó rà dànù.

Síbẹ̀, n kò gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ se daube fún ìyá ọkọ tó jẹ́ ará Orange. Ẹ se gigot de sept heures, itan àgùntàn tí wọ́n ń sè fún wákàtí méje. Ìyá yín yóò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ẹ fi sè é ni yóò hàn. Ìdí mìíràn tó mú mi fẹ́ràn rẹ̀ fún yín nìyí: itan àgùntàn tí àwọn ará Faransé ń yan lásán, wọ́n máa ń fẹ́ kí inú rẹ̀ ṣì pọ́n, ẹ̀gbọ́n yín láti Ìbàdàn kò sì ní fi ọwọ́ kan ẹran tí omi rẹ̀ ṣì ń pupa nínú àwo. Oníwákàtí méje máa ń jinná dé egungun, ó máa ń rọ̀ débi pé ṣíbí lásán ni a fi ń bù ú, kò sì sí ẹni tí yóò bínú sí i nínú àwọn méjèèjì.

Itan kílò méjì sí méjì àbọ̀ ni kí ẹ rà. Ẹ fi iyọ̀ pa á lára lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ẹ dín in nínú òróró ólífì kí gbogbo ojú rẹ̀ pọ́n dáadáa, kí ẹ sì gbé e sínú ìkòkò irin tó ní ìdérí tó wúwo, pẹ̀lú orí ààyù kan odindi tí ẹ là sí méjì, àlùbọ́sà mẹ́rin, kárọ́ọ̀tì, táìmù, rosemary àti tòmátì méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ da omi ẹran sí i kó dé ìdajì ẹran náà. Ẹ dé e pinpin, kí ẹ sì tì í sínú ààrò ní ìwọ̀n ooru 120 fún wákàtí méje. Ẹ yí i padà lẹ́ẹ̀mejì ní àárín. Ní ìparí, ẹ gbé ẹran náà jáde, ẹ ré ọ̀rá tó léfòó kúrò, kí ẹ sì jẹ́ kí omi tó kù ho kó ki. Omi yẹn ni wáìnì yín yóò fẹ́ràn jù lórí tábìlì náà.

Onímọ̀ kẹ́místrì, Manchester

Ọ̀rọ̀ alásè nípa ọ̀rá àti táníìnì tọ̀nà. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ibi tí ọbẹ̀ tiwa ti máa ń bá wáìnì yìí jà, kí olùbéèrè lè yan ọbẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ìmọ̀.

Èyí àkọ́kọ́ ni ata. Ohun tó ń ta ni nínú ata rodo, ojú ibì kan náà tó ń mọ ooru lára ahọ́n ni ó ń fọwọ́ kàn, álíkọ́ọ̀lù sì ń mú kí ojú ibẹ̀ tètè jí sí i. Nítorí náà, wáìnì oní 14.5 kò lè pa ata. Ṣe ni yóò koná mọ́ ọn. Ẹni tó bá jẹ ayamáṣe tó mu wáìnì yìí lé e kò ní gbọ́ adùn èso kankan, iná nìkan ni yóò gbọ́. Òórùn ata tí ẹ̀gbọ́n sọ pé ó wà nínú Syrah kò sí lára ọ̀rọ̀ yìí, nítorí kì í ta ni. Rotundone ni orúkọ rẹ̀. Àwọn olùwádìí ní Ọsirélíà ló kéde ní 2008 pé òun ni ó ń mú òórùn ata wá sínú Syrah, òun kan náà ló sì wà nínú ata dúdú oníhóró, ìbátan ìyèré wa. Ata dúdú tí a lọ̀ sórí ẹran bá wáìnì yìí mu dáadáa.

Èyí kejì ni ẹja ọlọ́ràá. Ní 2009 ni àwọn olùwádìí ará Japan fi hàn pé irin tó wà nínú wáìnì pupa, bó ti wù kó kéré tó, ni ó ń fa òórùn ẹja tútù tí kò dára lẹ́nu nígbà tí a bá mu ún pẹ̀lú ohun inú òkun. Ẹ má ṣe gbé ẹja titus sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ má sì fi edé gbígbẹ tàbí panla kún ọbẹ̀ tí ẹ bá fẹ́ gbé kalẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

Irú náà ń fẹ́ ìṣọ́ra. Adùn ìjìnlẹ̀ inú rẹ̀ máa ń mú kí táníìnì korò sí i. Iyọ̀ máa ń tún un ṣe díẹ̀, ṣùgbọ́n bí irú bá ti pọ̀ nínú ẹ̀fọ́ rírò, n kò ní fi Gigondas tì í. Dòdò ń kọ́? Ohun tó dùn bíi ṣúgà máa ń mú kí wáìnì tí kò ní ṣúgà dà bíi pé ó kan. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ, ẹ lo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò tíì pọ́n jù.

Oníṣòwò oúnjẹ, Peckham

N kò fara mọ́ gbogbo ohun tí onímọ̀ kẹ́místrì sọ. Àwọn oníbàárà mi ní Lọ́ńdọ̀nù máa ń fi Côtes du Rhône mu àsun, inú wọn sì máa ń dùn. Èéfín ara ẹran òbúkọ tí a fi iná yan, àti ọ̀rá tó yọ́ sára awọ rẹ̀, bá Syrah lọ bí ìgbà tí a ṣe wọ́n fún ara wọn. A kò gbọdọ̀ lé gbogbo oúnjẹ tiwa kúrò nídìí wáìnì yìí nítorí ata rodo nìkan.

Onímọ̀ kẹ́místrì, Manchester

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rọ̀ èéfín àti ọ̀rá tí ẹ sọ jẹ́ òótọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé àsun tí a fi tàtàṣé rọ́pò púpọ̀ nínú rodo rẹ̀ yóò bá a mu ju èyí tó ń mú omi jáde lójú lọ. Ẹni tí ata ti mọ́ lára láti kékeré kì í gbọ́ ìta rẹ̀ tó ẹni tí kò mọ́ lára. Àwọn àna olùbéèrè wá láti ibi tí wọn kì í ti í fi ata tó ta sínú ọbẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn ni mo ń rò.

Olùbéèrè, Lyon

Ẹ ṣeun púpọ̀, gbogbo yín. Itan àgùntàn oníwákàtí méje ni mo mú. Èwo nínú ọbẹ̀ tiwa ni kí n wá fi tì í? Àti pé, ṣé òótọ́ ni ohun tí aládùúgbò mi kan sọ pé bí mo bá tilẹ̀ da wáìnì díẹ̀ sínú ìkòkò, gbogbo ọtí inú rẹ̀ yóò ti fò lọ kí ẹran tó jinná, tí ẹ̀gbọ́n mi yóò sì lè jẹ ẹ́?

Alásè, Marseille

Ẹ dín ọbẹ̀ tàtàṣé. Tàtàṣé pupa, tòmátì díẹ̀ àti àlùbọ́sà púpọ̀ ni kí ẹ lọ̀, kí ẹ se é kí omi rẹ̀ gbẹ, kí ẹ sì fi òróró dín in lórí iná jẹ́jẹ́ títí kíkan rẹ̀ yóò fi lọ tí òróró yóò sì là sókè. Rodo kan odindi tí ẹ kò là, tí ẹ yọ kúrò kó tó bẹ́, ti tó láti fún un ní òórùn. Àna yín yóò gbọ́ adùn tàtàṣé àti tòmátì dídín tí wọ́n mọ̀ nínú ratatouille tiwọn, ṣùgbọ́n wọn yóò gbọ́ ohun tó jinlẹ̀ jù ú lọ, nítorí àwa ń dín in pẹ́ ju bí wọ́n ti ń ṣe lọ. Ìrẹsì funfun tàbí jọ̀lọ́ọ̀fù tí ata rẹ̀ kò pọ̀, tí ìdí ìkòkò sì ti fún ní èéfín díẹ̀, ni kí ẹ fi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ìyá Àlájì, Lyon

Ọmọ mi, èmi náà ń gbé ní Lyon, Mùsùlùmí sì ni mí. Ọ̀rọ̀ tí aládùúgbò yín sọ kì í ṣe òótọ́. Ọtí kì í fò lọ tán nínú ìkòkò. Ìṣirò tí iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ gbé jáde ni pé lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí a bá ti ń sè é, nǹkan bí ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún ọtí náà ṣì wà níbẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí kan, ó ku 25. Lẹ́yìn wákàtí méjì àbọ̀ pàápàá, ìdá márùn-ún ṣì kù. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò sì ní jẹ ẹ́ bó ti wù kó kéré tó, nítorí pé ọtí ni a mọ̀ọ́mọ̀ dà sí i. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n yín jẹun pẹ̀lú iyèméjì.

Bí alásè ṣe júwe ìkòkò yẹn, omi ẹran nìkan ló wà níbẹ̀, kò sí wáìnì, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ẹ ra itan náà lọ́wọ́ alápatà halal. Wọ́n wà dáadáa ní agbègbè La Guillotière. Ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n yín ṣáájú kó tó jókòó pé kò sí ọtí nínú oúnjẹ kankan, kó má baà jẹ́ pé ojú àlejò ni yóò ti máa béèrè. Omi àjàrà pupa tí kò tíì di ọtí wà lọ́jà. Ẹ pò ó mọ́ omi tó ń hó àti ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀ kó má baà dùn jù, kí ẹ sì gbé e fún un nínú ife tó dára bíi ti àwọn yòókù.

Olùtajà ọtí, Àjàṣẹ́

Ẹ kú àsọyé. Wáìnì ilẹ̀ Faransé ni mo ń tà ní Àjàṣẹ́, ní orílẹ̀-èdè Benin, ibi tí ó ti pọ̀ lórí àtẹ nítorí pé Faransé ló jọba lé wa lórí tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ mi kan olùbéèrè díẹ̀, ó sì kan àwọn tó ń ka èyí ní ilé púpọ̀.

Wọ́n máa ń sọ pé kí a mu wáìnì pupa bí ooru inú yàrá ṣe rí. Yàrá òkúta ìgbà àtijọ́ ní Faransé ni wọ́n ń sọ, kì í ṣe yàrá wa. Ìwọ̀n ooru 16 sí 18 ló dára fún Gigondas, Côtes du Rhône lásán sì lè tutù dé 15. Yàrá tiwa lè gbóná dé 30, bí wáìnì tí ọtí rẹ̀ pọ̀ báyìí bá sì gbóná tó bẹ́ẹ̀, álíkọ́ọ̀lù ni yóò kọ́kọ́ lu imú yín, adùn èso rẹ̀ á sì dà bíi ti èso tí a sè. Ẹ tì í sínú fíríìjì fún bíi wákàtí kan àbọ̀ kí ẹ tó ṣí i. Ní Lyon pàápàá, bí ilé bá gbóná lọ́jọ́ náà, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin tó ń rà á nílé, ẹ wo orí ìgò kí ẹ tó sanwó. Bí kọ́ọ̀kì bá ti yọ sókè tó ń ti ìbòrí rẹ̀, tàbí tí ọtí ti ṣàn gbẹ sí ọrùn ìgò, ooru ti bà á jẹ́ nínú àpótí ọkọ̀ ojú omi tàbí nínú ṣọ́ọ̀bù. Ẹ má ṣe ra èyí tí wọ́n tò síbi tí oòrùn ti ń pa á. Ní Nàìjíríà, ẹ wá nọ́ńbà NAFDAC lára rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Faransé tó sọ pé ilé tó gbin àjàrà náà ló rọ ọ́ sínú ìgò, mis en bouteille au domaine tàbí au château, jẹ́ àmì tó dára, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ náà ń ṣe èyí tó dára gan-an ní owó tí kò pọ̀.

Òṣìṣẹ́ ọgbà àjàrà, Vaucluse

Ó ku bí ọjọ́ náà yóò ṣe lọ. Ẹ fi Côtes du Rhône bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èso ólífì àti sọ́séèjì gbígbẹ bí àwọn àna yín bá fẹ́, kí ẹ sì yà á sọ́tọ̀ sí àwo tirẹ̀, nítorí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni. Bí Gigondas náà kò bá tíì pé ọdún márùn-ún, ẹ dà á sínú jọ́ọ̀gì gíláàsì tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ní wákàtí kan ṣáájú, kí afẹ́fẹ́ rọ táníìnì rẹ̀. Ìdámẹ́ta ife ni kí ẹ máa bù, kí òórùn lè rí ibi gbé nínú rẹ̀. Tí ìgò kan bá ṣẹ́kù tí ẹ kò ṣí, Gigondas tó dára lè dúró fún ọdún mẹ́wàá níbi tó tutù tí ìmọ́lẹ̀ kò dé. Côtes du Rhône lásán, ẹ mu ún láàárín ọdún mẹ́rin sí ọjọ́ tí wọ́n ká èso rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí Picodon tẹ̀ lé ẹran. Ṣókólétì ni kí ẹ má fi Gigondas mu. Ṣúgà inú rẹ̀ yóò sọ wáìnì náà di kíkan. Bí ọkọ yín bá lè rí wáìnì dídùn Rasteau, tí wọ́n ń fi Grenache ṣe, tí wọ́n sì ń da ọtí líle díẹ̀ sí i kó tó parí híhó kí ṣúgà lè kù nínú rẹ̀, òun ló bá ṣókólétì dúdú mu, ìdajì ife kékeré fún ẹnì kọ̀ọ̀kan sì ti tó. Èyí tó bá kù nínú ìgò tí ẹ ti ṣí, ẹ dé e, ẹ gbé e sínú fíríìjì, kí ẹ sì mu ún tán láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Nítorí Grenache inú rẹ̀, kò ní dúró jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ó bá kọjá ìgbà yẹn, ẹ fi se daube fún ẹ̀yin méjèèjì nìkan.